Ọdún Tí A Dáná Láìsí Èéfín Nílé Ẹlẹ́ja

Imú ni mo fi ń rántí ọdún yẹn. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi orin rántí ìgbà èwe wọn, àwọn mìíràn a fi aṣọ ọdún rántí tiwọn, èmi, òórùn ni. Ẹ má bínú. Ilé ẹlẹ́ja ni wọ́n bí mi sí, ní ìletò kékeré kan lórí omi tí èèyàn lè wa ọkọ̀ dé láti Òde Mahin kí oòrùn tó mú, ẹja gbígbẹ náà ni mo sì ń tà ní Igbókòdá títí di òní. Ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀ èrò, tó wá ń yínmú, mo máa ń wí fún un pé, "Ọmọ mi, ọbẹ̀ alẹ́ rẹ ni ò ń yínmú sí yẹn." Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń sọ yìí, òórùn ilé wa kọjá ti ẹja. Àwọn tí imú wọn ti kú sínú ẹja láti kékeré, àwọn náà ń fi etí aṣọ bo imú bí wọ́n bá ń wa ọkọ̀ kọjá lẹ́yìnkùlé wa. Àbúrò bàbá mi ló fà á. Ìfẹ́ ìyá rẹ̀ ló sì mú un ṣe é.

Orí òpó ni ilé wa wà, bíi gbogbo ilé ìletò náà. Bí mo bá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo máa ń gbọ́ omi lábẹ́ mi tó ń lu òpó, pọ̀, pọ̀, bí ẹni tí wọ́n fi agídí ní kó pàtẹ́wọ́. Kí àkùkọ tó kọ, ikọ́ Ìyé á ti ṣáájú rẹ̀. Ìyé ni à ń pe ìyá lọ́dọ̀ tiwa. Ìyá bàbá mi ni, ṣùgbọ́n gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, Ìyé là ń pè é. Bàbá mi kì í sí nílé. Ó ti bá àwọn apẹja lọ sí ìhà Kamẹrúùn, nígbà tí a bá sì tún rí i, a ti gbàgbé bí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe rí. Ìyá mi ló ń wa ọkọ̀ lọ sí ọjà Igbókòdá, á gbé ẹja gbígbẹ lọ, á gbé ẹ̀gẹ́ bọ̀. Èmi àti Ìyé là ń ṣe ìyókù. Mo máa ń bó ẹ̀gẹ́ títí ìka mi á fi hunjọ bíi ti arúgbó. A óò rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi kan, a óò fún un, a óò mọ ọ́n rìbìtì bí orí ọmọ ọwọ́, a óò tò ó sókè ààrò kí èéfín gbẹ ẹ́. Púpurú nìyẹn. Ẹni tí kò bá fi ọbẹ̀ màrúgbó dúdú jẹ ẹ́ rí, ẹ bá mi káàánú rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́, ìfun ẹja, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìsàlẹ̀ ìkòkò, inú omi ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Omi ni ààtàn wa, omi ni ọ̀nà wa, omi náà sì ni olófòófó wa, nítorí ohun tí a bá sọ lórí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n á gbọ́ ọ lókè.

Ìdí ààrò ni ìjókòó Ìyé. Àpótí kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò sí. Ẹja ṣáwá a máa wà lórí àtẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, igi ẹ̀gbà, igi inú omi iyọ̀ tí gbòǹgbò rẹ̀ dúró bí ẹsẹ̀ akàn, á máa rú túú lábẹ́ rẹ̀, Ìyé á tẹjú mọ́ ọn, á máa yí i, á bu omi lé iná tó bá fẹ́ ṣe agídí. Ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tó ń ṣọ́ ẹja kó má jóná, ta ní ń ṣọ́ òun náà?" Mo rò pé àlọ́ ni. Mo máa ń dáhùn pé, "Ológbò ni!" Á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́.

Ọdún náà ni àbúrò bàbá mi ti ogun Bọ́má dé. Ayédùn ni Ìyé sọ ọ́; Sójà ni ìletò sọ ọ́ lọ́jọ́ tó dé, nítorí bàtà ńlá kan tó wọ̀, tó há sáàárín pákó méjì lórí afárá wa, tí ọkùnrin mẹ́ta sì fà á yọ. Ẹni tí gbogbo ìbọn Bọ́má kò rí mú, afárá ilé rẹ̀ mú un. Nígbà tó ń lọ, Ìyé lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó wo ọkọ̀ tó wà lókèèrè bí èèrà, kó sì wí pé, "Lágbájá ló ń bọ̀ yẹn, ẹ wo bó ṣe ń ju ọwọ́." Nígbà tó dé, ó dúró síwájú rẹ̀ gan-an, ó ní, "Ìyé, èmi rèé." Ìyé ní, "Ìwọ ta ni?" Ó rò pé eré ni. Ìyé na ọwọ́, ó fi wọ́ ojú rẹ̀, ó wọ́ etí rẹ̀, ó kan àpá tí akàn dá sí i létí ní kékeré, ìgbà náà ló tó kígbe. Mo rí omi lójú sójà, mo sì rẹ́rìn-ín, torí n kò mọ̀ pé wọ́n máa ń sunkún. Ọlọ́run á foríjì mí.

Sójà gbé Ìyé lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń pín oògùn ní Igbókòdá. Mo tẹ̀lé wọn nítorí pé èmi ni ojú Ìyé lórí afárá. Ọkùnrin náà ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀, ó fi iná wò ó, ó ní ojú òsì ti lọ, pé tọ̀tún ṣì kù díẹ̀, pé èéfín ni. Bí Màmá kò bá kúrò nídìí ààrò, èyí náà á bá èkejì rẹ̀ lọ. Ìyé bi í pé, "Bí mo bá kúrò nídìí ààrò, kí ni a óò jẹ?" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó fún un ní oògùn inú ìgò kékeré kan. Nínú ọkọ̀, a ti wà á dé ìdajì ọ̀nà kí Sójà tó lanu.

"Ìyé, mo rí iná kan ní Íńdíà tí kò léèéfín."

"Iná òyìnbó nìyẹn."

"Kì í ṣe ti òyìnbó. Arúgbó bíi tiyín ló ń fi se ẹ̀wà. Ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n kó sínú kòtò, wọ́n dé e pa kí atẹ́gùn má wọlé, èémí tó ń ti inú rẹ̀ jáde ni wọ́n ń ṣáná sí."

Ìyé na ọwọ́ kan orí rẹ̀. "Ayédùn, ṣé wọ́n gbá ọ lórí lógun ni?"

 Sójà mú ọ̀pá ọkọ̀, ó gún ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, omi sì hó sókè, gúlú-gúlú-gúlú, bí a ti máa ń rí i lójoojúmọ́ ayé wa. Àwọn àgbà sọ fún wa pé àwọn ará ìsàlẹ̀ omi ló ń fa kòkò tábà. Sójà ní, "Èémí kan náà nìyẹn. Ewé tó jẹrà lábẹ́ ẹrẹ̀ ló ń mí. Ẹ̀yin ará ibí ń wa ọkọ̀ lórí iná láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín." Ìyé yí ojú sí ibi tí omi ti hó, bí ẹni tó lè rí i.

Bí ọ̀rọ̀ àgbá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sójà gba àgbá epo ńlá kan lọ́wọ́ àwọn olówò ní Igbókòdá, ó gbé e ka orí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ẹrẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa níbi tí omi kì í gùn dé. Ó wá àgbá kejì tó kéré sí i, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí a bá da igbá bo ọbẹ̀. Ó ní bí èémí bá ti ń pọ̀, àgbá kékeré á máa gbéra. Ó lu ihò sí orí rẹ̀, ó ki ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ bọ̀ ọ́, ó fi amọ̀ dí i yí ká. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi. Ó ní láti òní lọ, n kò gbọdọ̀ da ohunkóhun tó lè rà sómi mọ́. Kí n gé e wẹ́wẹ́, kí n pò ó mọ́ omi òjò, kí n dà á síbẹ̀. Ẹ wo iṣẹ́ tí ogun Bọ́má bá mi gbé wálé. Gbogbo ọmọ ìletò ń lúwẹ̀ẹ́, èmi ń gé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹni tó ń se àsè fún àgbá.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àfi òórùn. Oṣù kan kọjá, àgbá kékeré jókòó jẹ́jẹ́ bí àlejò. Ìyá Ọmọ́táyọ̀, ìyàwó ilé kejì tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ ẹja lọ, ẹni tí mo gbàgbọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún ẹnu tèmi, sọ orúkọ fún un: Àgbá Onísòó. Kò pẹ́ tí gbogbo odò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. "Sójà, Àgbá Onísòó ńkọ́? Ó ti mí àbí kò tíì mí?" Sójà á kàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i ní ìyálẹ̀ta, tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, tó ń wo Ìyé tí orí rẹ̀ wà nínú èéfín, kì í sì í rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ó ní ohun tó kù ni ìgbẹ́ màlúù, pé inú rẹ̀ ni ìwúkàrà iṣẹ́ náà wà, bí a ti ń fi ògì àná kan tòní. Ṣùgbọ́n màlúù wo ló máa dúró lórí òpó? Ìyé ló sọ ọ́, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn: "Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àgbò náà ń jẹ koríko." Bàbá Ràímì ni Mùsùlùmí kan ṣoṣo tó ń pa àgbò ní ìletò wa, aṣọ ló ń tà, láti Igbókòdá ló sì ti máa ń gbé àgbò rẹ̀ bọ̀ nínú ọkọ̀, tí yóò máa ké lọ́nà gbogbo bí ìyàwó tí wọ́n fi agbára mú. Lọ́jọ́ Iléyá, èmi àti Sójà gbé garawa lọ.

"Ẹ kú ọdún, Bàbá."

"A kú ọdún, ọmọ mi. Ẹ jókòó, ẹran ń bọ̀."

"Bàbá, kì í ṣe ẹran ni mo bá wá. Ohun inú àpòlúkù ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sómi."

Bàbá Ràímì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń pa àgbò, itan ni wọ́n ń tọrọ, ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń tọrọ. Ìwọ, ìgbẹ́ lo fẹ́?" Ó wo èmi. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n ń fún yín ní oúnjẹ nílé?"

"Nítorí ojú Ìyé ni, Bàbá."

 Bàbá Ràímì náà mọ Ìyé. Ìyé ló gbẹ̀bí gbogbo ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó da àpòlúkù náà sínú garawa wa, koríko tí àgbò náà ti jẹ, tó ṣì gbóná tó sì ń rú, ó fi itan lé e lórí nínú ewé. Ó ní, "Ìgbẹ́ fún àgbá, itan fún Ìyé. Ẹ má ṣì í fún ara wọn o."

A da ti àgbò náà sínú àgbá, a bu ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ omi kún un. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi jí lówùúrọ̀ kan tí mo rí i pé àgbá kékeré ti gbéra. Kò pọ̀, bí ìbú ọwọ́ méjì. Mo pariwo bí ẹni rí ọ̀nì. Àwọn èèyàn wa ọkọ̀ wá wò ó. Sójà ti gba rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ láti Igbókòdá, ó fi rọ́pò ọ̀pá ìbẹ́pẹ, ó so ó mọ́ agolo mílíìkì kan tó lu nihò yí ká. Ó gbé òkúta lé àgbá lórí kí ó lè ti èémí jáde. Wọ́n mú Ìyé jókòó síwájú agolo náà. Sójà ṣáná.

Pú. Iná kú. Ó tún ṣá òmíràn. Pú. Ó ń kú bí ìgbà tí ẹnìkan wà nínú agolo tó ń fẹ́ ẹ pa. Ó tó ìṣáná mẹ́wàá kí Ìyá Ọmọ́táyọ̀ tó sọ ọ́ láti inú ọkọ̀ rẹ̀: "Sójà, àgbá tó ń paná lo ṣe! Tọ́jú rẹ̀ dáadáa, bí ilé bá ń jó, a ó wá yá a." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ wọn fi ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́, ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ìyé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ní, "Ẹ mú mi lọ sídìí ẹja mi, kó tó jóná." Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá, ìyẹn ló jẹ́ kí n wo ojú Sójà. Ẹ̀rín sì kúrò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ kẹta, Ìyé ní kí n mú òun lọ sídìí àgbá. Ó ti ìka bọ inú omi ẹ̀gbẹ́ àgbá náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bi mí bóyá ó fi kan ahọ́n. Ó ní, "Ó kan. Ó kan ju púpurú lọ. Kí ni ẹ̀ ń dà sí i?"  Mo ní èèpo ni, mo ní ìfun ẹja ni. Ó ní, "Kí ni òmíràn?" Mo ní omi ẹ̀gẹ́ ni. Gbogbo omi tí a bá fún lára ẹ̀gẹ́ kíkan, garawa lórí garawa, mo ń dà á sí i, torí Sójà ní kí n má da ohunkóhun sómi, ọmọ tó ń gbọ́ràn sì ni mí. Mo ti ń wá ibi tí n óò sá gbà. Sójà, tó ti tẹ̀lé wa wá, jókòó sórí ẹrẹ̀, ó di orí mú. Ìyé ló rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. "Ayédùn, àgbá rẹ kò kú. Inú ń ta á ni. Bí ọbẹ̀ bá kan jù, kí ni a ń fi pa á?"

"Eérú," ni mo wí.

"Ó dára. Lọ kó o nídìí ààrò mi. Ó kúkú jẹ ojú mi, jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

A kó eérú igi ẹ̀gbà náà, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, a yọ ìdajì omi kíkan kúrò, a da eérú àti ẹrẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ìyé wí pé kí a má fún un lóúnjẹ títí inú rẹ̀ á fi rọlẹ̀, bí a ti ń ṣe fún ọmọ. Láràárọ̀ ni mo ń mú un lọ kí ó lọ ti ìka bọ̀ ọ́. Ẹ wo ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí di òní: Sójà la ayé já, ó rí Íńdíà, ó rí Bọ́má, kò sì mọ ohun tó ń ṣe àgbá. Arúgbó tí kò kọjá Igbókòdá rí fi ìka kan mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán gangan ni ọjọ́ náà, oòrùn ń ta lórí omi débi tí èèyàn kò lè la ojú tán. Àgbá ti gbéra dé àyà mi. Ìletò tún ti pé, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Ìyé jókòó síwájú agolo. Sójà ṣáná, ó na án sí i, iná ìṣáná kú. Kò sí ohun tí a rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú igi ìṣáná lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí Ìyá Ọmọ́táyọ̀ mí sínú kó tó sọ̀rọ̀. Ìyé ti na àtẹ́lẹwọ́ síwájú, bó ti máa ń ṣe sí gbogbo ohun láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ló bá fà á padà kíá.

"Ó ń jó," ó wí.

"Ìyé, kò jó o," ni Sójà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́."

"Mo ní ó ń jó! Gbé ìkòkò wá."

Sójà na ọwọ́ tirẹ̀, ó bú sígbe. Ó ń jó lóòótọ́! Aró ni àwọ̀ iná náà, ó fẹ́lẹ́ débi pé oòrùn borí rẹ̀, kò sí ẹni tó lójú níbẹ̀ tó rí i. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn tí gbogbo wa kò ríran ju Ìyé lọ, òun ló sì kọ́kọ́ mọ̀. A gbé omi kaná, ó hó. Mo wo ojú Ìyé tó tẹ̀ sórí ìkòkò náà, ojú tó gbẹ, tí omi kò bọ́ níbẹ̀. N kò rí ojú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn èèyàn hó yè. Ìyá Ọmọ́táyọ̀ pàápàá jó nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó jókòó padà, ó wo agolo náà, ó wo òkè ilé ìdáná wa tó ń rú túú, ó wí jẹ́jẹ́, kò tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀sín: "Sójà, iná tí kò léèéfín. Kí ni yóò gbẹ ẹja?"

Ẹ gbọ́ mi. Ọmọ ẹlẹ́ja, ọmọ ọmọ ẹlẹ́ja, ó fi oṣù lórí oṣù lé èéfín kúrò nínú iná, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan lára wa, èmi, òun, Ìyé, tó rántí pé èéfín gan-an ni a ń jẹ. Iná ń jinná ẹja, èéfín ló ń pa á mọ́ títí dé ọjà. Òṣì ni iná yẹn gbé dé ilé wa, bí a bá fi ti ẹja wò ó.  Sójà lọ jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ìyé bi mí pé, "Níbo ló wà?" Mo sọ fún un. Ó ní kí n mú òun débẹ̀. Ó dúró lórí afárá, lókè orí ọmọ rẹ̀, ó ní: "Ayédùn. Mo ti se omi lónìí, n kò sì sunkún. Kí lo tún ń wá?"

"Ẹja ńkọ́, Ìyé?"

"Èmi nìkan ni mo lọ́wọ́ nílé yìí ni?"

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyé kò lọ sídìí ààrò. Ó ní òun lòun á máa se oúnjẹ ilé, lórí iná ọmọ òun, pé kò sí ẹni tó máa pe òun ní ọ̀lẹ. Ohun tó bà á lẹ́rù gan-an nìyẹn, mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kì í ṣe àìríran, àìníṣẹ́ ni. Ó fà mí lọ́wọ́ wọ ilé ìdáná, ó tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ sórí àpótí rẹ̀. Ìdí mi kò kún kòtò náà. Èéfín gbá mi lójú, mo bú sẹ́kún. Ó ní, "Yí ojú sápá kan. Má fi ojú wo iná. Na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Bó bá gbóná jù, o ó mọ̀; bí ẹja bá ti tó yí, o ó mọ̀. Èéfín kò lè fọ́ àtẹ́lẹwọ́ lójú." Ó dì mí lọ́wọ́ mú lókè àtẹ títí mo fi mọ̀ ọ́n.

Àgbá náà lo ọdún méjì ó lé kí atẹ́gùn oníyọ̀ tó jẹ ẹ́ ní ihò. Sójà ṣe òmíràn, iyọ̀ tún jẹ ẹ́, ó tún ṣe é. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní Onísòó mọ́, torí àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ti ń yọ́ wá gbé omi ìwẹ̀ ọmọ wọn kaná níbẹ̀. Ojú ọ̀tún Ìyé kò sàn o, n kò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó fi rí ìyàwó Sójà. Ó fi rí àkọ́bí mi, ó ní imú rẹ̀ tóbi, òótọ́ ni.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ọmọdé ni, ó fi iná wò mí, ó bi mí pé ìgbà wo ni èéfín ti ń wọ Màmá lójú. Mo ní láti ọjọ́ tí ìyá bàbá mi ti dìde lórí àpótí. Kò yé e, mi ò sì rojọ́. Ó ní n óò kúrò nídìí ààrò. Mo bi í pé bí mo bá kúrò nídìí ààrò, kí ni a óò jẹ. Ó wo ilẹ̀, bíi ti ọkùnrin Igbókòdá ọjọ́sí gẹ́lẹ́, ó fún mi ní oògùn inú ìgò kékeré. Mo rẹ́rìn-ín dé ilé. Wọ́n ti ra gáàsì onísílíńdà fún mi, ó wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, òun ni mo ń fi se ọbẹ̀. Lẹ́yìnkùlé, ẹja wà lórí àtẹ. Mo jókòó sórí àpótí Ìyé, ìdí mi kún kòtò náà dáadáa báyìí. Mo yí ojú sápá kan. Mo na àtẹ́lẹwọ́.